Sí Bọ́lá, Nípa Orúkọ Àwọn Ìyá Ọjà Tí Òfin Tuntun Ń Bèèrè

Ìkòsí, Kétu,
Èkó.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Bọ́láńlé ọmọ mi, Àṣàkẹ́ mi,

Nǹkan tí kò jẹ́ kí n sùn láti ọjọ́ tí o ti pè mí lórí fóònù pọ̀. Jẹ́ kí n kà wọ́n fún ọ, bóyá bí ìwọ náà bá bá mi gbé díẹ̀ níbẹ̀, èyí tó kù á fúyẹ́. Èkíní ni ilẹ̀kùn ilé tí o gbà ní Adó. O ní kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni lánlọ́ọ̀dù fún ọ. Bí ó bá sọnù ńkọ́? Èkejì ni sílíńdà gáàsì tí o gbé sínú kíṣìnì, tí fèrèsé ibẹ̀ kò tóbi ju ojú ìwé lọ. Ẹ̀kẹta, o ní búrẹ́dì lò ń jẹ lọ́sàn-án. Búrẹ́dì kì í ṣe oúnjẹ, ìpápánu ni. Ẹ̀kẹrin, ẹni tí mo fẹ́ fi lẹ́tà yìí rán, ọmọkùnrin tó ń wakọ̀ lọ sí Èkìtì ní gáréèjì Ọjọ́ta, ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀ jù, mi ò mọ̀ bóyá ẹni tó ń rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ máa ń rántí nǹkan. Ẹ̀karùn-ún, èyí tó wúwo ju gbogbo wọn lọ, ni ọ̀rọ̀ Ìyá Ráṣídì.

Nígbà tí mo ka ìwọ̀nyí sí ìyá rẹ létí, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí. Ó ní, “Bàbá Bọ́lá, ọmọ gbaṣẹ́ yunifásítì, ẹ̀yin ń ka sílíńdà!”

Òótọ́ ni. Torí náà, jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́. Olúwa ṣeun. Inú mi dùn débi pé ẹnu mi ò pa dé. Mo ti sọ fún ọ̀gá fókánáísà tó wà ní ìta wa. Mo sọ fún olùṣọ́ àgùntàn wa ṣáájú ìsìn, mo tún sọ fún un lẹ́yìn ìsìn. Ọkùnrin tó wá wo mítà iná lánàá, mi ò mọ̀ ọ́n rí, mo sọ fún òun náà. Ó ní, “Bàbá, ẹ kú oríire, ṣùgbọ́n mítà yín dà?” Ọmọ mi di tíṣà àwọn tó ń kọ́ tíṣà! Èmi tí mo parí ìwé mẹ́wàá, tí mo sì ṣe akọ̀wé ní ilé ìkẹ́rùsí aṣọ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ṣùgbọ́n kí ayọ̀ wa lè kún, ìwé ìwádìí rẹ gbọ́dọ̀ wọlé lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè mọ̀ bóyá mo gbọ́ ọ lódì. Orí bí ata ṣe ń bàjẹ́ láti inú ọkọ̀ akẹ́rù títí dé inú ìkòkò ọbẹ̀ lo kọ ìwé náà lé. O lọ bá àwọn ìyá tó ń ta ata àti àlùbọ́sà ní Mile 12, wọ́n kọ́ ọ, o sì kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Lábẹ́ òfin àtijọ́, ìsàlẹ̀ ojú ìwé ni o máa ń kọ ẹni tó sọ̀rọ̀ sí, bó bá ṣe wù ọ́: “Ìyá Ráṣídì, aláta, Mile 12.” Ó ti parí. Nísinsìnyí, ẹ̀ka yín ti yí òfin padà. Wọ́n ní kò sí ìsàlẹ̀ ìwé mọ́. Inú àkámọ́ ni kí o fi olúkúlùkù sí, láàárín ọ̀rọ̀ gan-an: orúkọ ìdílé, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ àbísọ, àti ọjọ́ tí ẹ jọ sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá ti ní orúkọ ìdílé, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò nínú ìwé. Bí ọ̀rọ̀ àwọn ìyá yìí bá sì kúrò, ìwé kò sí, nítorí wọn ni ìwé náà. Bí ìwé kò bá sí lọ́jọ́ Ẹtì, iṣẹ́ tí wọ́n fún ọ lè di ti ẹlòmíràn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

O rántí ohun tí a sọ lórí fóònù. O ní, “Dádì, gbogbo rẹ́fẹ́rẹ́ǹsì tó kù ni mo ti tún ṣe. Àwọn màmá ọjà mẹ́ta nìkan ló kù. Mi ò mọ orúkọ ẹnì kankan nínú wọn.”

Mo ní, “Kí ló dé tí o kò bèèrè nígbà tí o wà lọ́dọ̀ wọn?”

O bú sẹ́rìn-ín. “Dádì, ta ló kọ́ mi pé ọmọ kì í bi àgbà ní orúkọ?”

Èmi ni. Mo rántí ọjọ́ tí o pe ìyàwó lánlọ́ọ̀dù wa ní Sẹ̀línà, nítorí o gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. O kò tíì lè kọ orúkọ tìrẹ gan-an. Mo mú kí o kúnlẹ̀ títí tí obìnrin náà fi ń bẹ̀ mí. Ẹ̀kọ́ náà wọ̀ ọ́ lára débi pé o dàgbà, o kàwé dé góńgó, o lo odindi ọdún kan pẹ̀lú àwọn ìyá yìí, o kò sì mọ̀ ju orúkọ ọmọ wọn lọ. Kódà ìyá tìrẹ, Ìyá Bọ́lá lo kọ! O ní ọ̀gá rẹ, Dókítà obìnrin yẹn, fi bírò kan ojú ìwé kan, ó sì bi ọ́ pé, “Ta ni Ìyá Bọ́lá tó ń ta tàtàṣé yìí?” O ní, “Ìyá mi ni, mà.” Ó ní, “Ta wá ni Bọ́lá?” O ní, “Èmi ni, mà.” Nígbà tí o sọ ìyẹn, mo rẹ́rìn-ín títí fìlà mi fi bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pa fóònù tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú, o sì mọ̀ mí bí mo bá bẹ̀rẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi rèé. Mi ò mọ iye tó máa jẹ́, èyí tó bá wá sí mi lọ́kàn ni mo máa kọ.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́: má bá òfin tuntun jà. Mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ pé ó ń bí ọ nínú. O ní, “Kí ló burú nínú ti tẹ́lẹ̀?” Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, èmi náà bèèrè bẹ́ẹ̀. Ṣómólú ni mò ń gbé nígbà náà, kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Mo sọ fún ara mi pé ọkọ̀ ni òfin náà ń bá wí, kò kan kẹ̀kẹ́. Bí mo ṣe ń fi ọ̀wọ̀ bá ọwọ́ òsì mi lọ jẹ́jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin kan ń bọ̀ níwájú, òun náà lórí kẹ̀kẹ́, pẹ̀lú agbọ̀n adìẹ lẹ́yìn. A pàdé. Inú gọ́tà ni a ti kí ara wa. Ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni, rédíò yín ò ṣiṣẹ́ ni?” Mo ní, “Kẹ̀kẹ́ ni mo gùn, kì í ṣe ọkọ̀.” Ó ní, “Adìẹ mi ò mọ ìyẹn.” A jọ lé adìẹ títí mo fi pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Ọmọ mi, ọwọ́ òsì kò dẹ́ṣẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí gbogbo wa lè pàdé láìṣubú lu ara wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni àkámọ́ yín. Ẹni tó bá ń ka ìwé rẹ ní ìlú òkèèrè, tí kò mọ̀ ọ́, ó fẹ́ mọ ibi tó máa wò. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí wọ́n bá ní kí o gba ibí, gba ibẹ̀, ìwọ sáà ti dé ọjà.

Ohun tó tún ń dà mí láàmú ni ìhòòhò orúkọ. Nígbà tí o fi ojú ìwé kan hàn mí ní ọdún Àjíǹde, mo rí orúkọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nínú àkámọ́, láìsí Ọ̀jọ̀gbọ́n, láìsí Olóyè, láìsí Alàgbà, bí ẹni pé tíṣà ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìwé náà padà fún ọ. Mo bi ara mi pé ṣé irú ọmọ tí mo tọ́ nìyí. Ìyá rẹ ló là mí lójú. Ó ní, “Bí ẹ bá wọ ilé ìwẹ̀, ṣé ẹ máa ń dé fìlà?” Mo ní rárá. Ó ní, “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ o, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ̀.” Mo rò ó wò, mo rí i pé ó dára bẹ́ẹ̀. Nínú àkámọ́, Ìyá Ráṣídì àti ọ̀jọ̀gbọ́n ìlú òyìnbó máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sẹ́ni tó ga ju ẹnì kejì lọ. Ìyẹn dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí o bá pàdé ọ̀jọ̀gbọ́n lójú ọ̀nà, jọ̀ọ́, kúnlẹ̀ kí i dáadáa. Má gbé àkámọ́ kúrò nínú ìwé wá sí ìgboro.

Ìmọ̀ràn kejì, tàbí ẹ̀kẹta, mi ò mọ̀ mọ́: ohunkóhun tí o bá gbọ́ lẹ́nu ẹni, sọ pé ẹni náà ló sọ ọ́. Ìyá rẹ ò ní fẹ́ kí n sọ ìtàn yìí, tàbí kí n kúkú sọ òótọ́, ó fẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, òun ló máa ń sọ ọ́ fún àlejò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mi ò mọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sọ. Báyọ̀ tí a jọ jókòó ní ọ́fíìsì mọ̀ ọ́n kọ. Mo yá lẹ́tà tí ó kọ sí ọmọbìnrin tirẹ̀, mo dà á kọ láti òkè délẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́. Nígbà tí mo lọ gbọ́ èsì, ìyá rẹ bi mí pé, “Ẹ ní láti ọjọ́ tí ẹ ti rí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì lọkàn yín ò ti balẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wo?” Mo ń kálòlò. Ó ní, “Ẹnu ẹ̀rọ omi la ti pàdé. Garawa yín ló gbá mi lẹ́sẹ̀.” Ó yí padà. Ó ní, “Ẹ bá mi kí ẹni tó kọ ọ́. Ó mọ̀ ọ́n kọ.”

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mi ò lè gba ẹnu ẹ̀rọ kọjá. Nígbà tí mo padà lọ, mo sọ pé, “Báyọ̀ ọ̀rẹ́ mi ló ni ọ̀rọ̀ yẹn. Ti garawa nìkan ni tèmi, ẹ má bínú.” Ibẹ̀ ló ti rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà ni èso ẹ̀rín yẹn. Torí náà, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ló kọ́ mi pé kí ènìyàn sọ orísun ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyá rẹ ni. Àwọn àgbà sì ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ó dára, jẹ́ kí n dé ibi tí o ń dúró dè.

Mo lọ sí Mile 12 lọ́jọ́bọ̀. Mo fẹ́ kí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti já ẹrù tán kí n tó débẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi agbọ̀n tòmátì gbá mi. Ìyá Ráṣídì wà níbi tí ó máa ń wà, ó ń ṣa rodo tó ti rọ̀ kúrò lára èyí tó le.

“Bàbá Bọ́lá, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ata ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti tán ni?”

“Kò tíì tán. Ìbéèrè ni mo bá wá.” Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ọmọ mi, ó nira. Mo ti ń ra ata lọ́wọ́ obìnrin yìí kí ìwọ tó wọ ilé ìwé. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kí ni orúkọ yín?”

Ó gbójú sókè. “Orúkọ mi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Bàbá Bọ́lá, ṣé ara yín yá? Tàbí ẹ fẹ́ mú mi lọ sí tèṣán ni?”

Mo ṣàlàyé. Mo sọ ti ìwé, mo sọ ti àkámọ́, mo sọ ti ọjọ́ Ẹtì. Mo ní wọ́n ní orúkọ ọmọ kò tó, orúkọ tirẹ̀ gan-an ni wọ́n ń fẹ́. Ó fi ata sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ méjèèjì sára ìró rẹ̀.

“Sàlámọ́tù,” ó wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń pe ènìyàn tó wà lẹ́yìnkùlé. Ó tún un wí, ó sì le díẹ̀ sí i. “Sàlámọ́tù ni mí.”

Ẹni tó ń ta ata gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yí ọrùn. “Ta ń jẹ́ Sàlámọ́tù?”

“Èmi ni!”

“Háà! Ìyá Ráṣídì, ẹ lórúkọ?”

“Ṣé inú agbọ̀n ata lo rò pé wọ́n ti bí mi ni?”

Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, Sàlámọ́tù níbí, Sàlámọ́tù lọ́hùn-ún, ó sì ń dáhùn gbogbo rẹ̀ bí ọmọge. Ó ní, “Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa: Sàlámọ́tù Àbẹ̀kẹ́ Bàdà. Kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ìyá mi ti kú.”

Mo kọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ṣe àṣìṣe kan: mo jẹ́ olóòótọ́. Mo sọ fún un pé Bàdà nìkan ló máa hàn ní kíkún, pé lẹ́tà kan ṣoṣo ló máa dúró fún Sàlámọ́tù. Ojú rẹ̀ yí padà. “Lẹ́tà kan? Bàbá Bọ́lá, ṣé ẹ jí orúkọ mi lójú oorun kí ẹ lè gé e sọnù ni?” Mo wá rántí pé ojú ìwé ọpẹ́ máa ń wà níwájú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Mo bi ara mi bóyá òfin kankan ń dè é, mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí kí n tó ronú tán: orúkọ rẹ̀ máa wà níbẹ̀ ní kíkún, láìgé. Bọ́lá, jọ̀ọ́, jọ̀ọ́, má dójú tì mí. Fún òfin ní ohun tó fẹ́ nínú àkámọ́, kí o sì fún àwọn ìyá yìí ní tiwọn ní ojú ìwé ọpẹ́. Òfin ò sọ pé kí o má dúpẹ́.

Alájà alálùbọ́sà ló tẹ̀ lé e. Òun kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí n tó débẹ̀.

“Ràbíátù Àjọkẹ́,” ó wí. “Orúkọ ìdílé ńkọ́? Ti ọkọ wo ni wọ́n ń fẹ́?”

“Èyí tí ẹ bá fẹ́, Alájà.”

“Ọkọ àkọ́kọ́, ó ta ilẹ̀ mi. Ìkejì, ó sùn títí ọjà fi ń tú lójoojúmọ́. Kò sí èyí tó mọ àlùbọ́sà tútù yàtọ̀ sí gbígbẹ. Bàbá mi ló kọ́ mi lọ́jà. Ẹ kọ ti bàbá mi: Ọ̀sífẹ̀sọ̀.”

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ léèrè ní Adó, sọ fún wọn pé ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ló yan orúkọ tí ó fẹ́ kí wọ́n mọ òun mọ́. Mo rò pé ìmọ̀ràn nìyẹn náà. Ọjọ́ tí ẹ jọ sọ̀rọ̀ wà lára kásẹ́ẹ̀tì rẹ, yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, má ṣe méfò.

Ó wá ku ẹnì kan. Nígbà tí mo délé, ìyá rẹ ń bẹ iṣu lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. Mo jókòó. Mo dìde. Mo tún jókòó. Bọ́lá, mo mọ orúkọ ìyá rẹ o, má rẹ́rìn-ín. Mo fọwọ́ sí i nínú ìwé ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọ lé mi lọ́wọ́, mi ò pè é rí. Mo fẹ́ gbọ́ bí ó ṣe máa rí lẹ́nu mi kí n tó kọ ọ́.

Mo ní, “Adébímpé.”

Ọ̀bẹ dúró. Kò wo ẹ̀yìn. “Ta lẹ ń pè?”

“Ìwọ ni.”

“Kí ni mo ṣe?”

“O ò ṣe nǹkan kan. Yunifásítì ló ń bèèrè rẹ.”

Mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì, mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Ó ní, “Ẹ tún un pè.”

Mo tún un pè. Mo bi í bóyá orúkọ bàbá rẹ̀ ni kí n kọ tẹ̀ lé e, bí ti Alájà. Ó ronú. Ó ní, “Rárá. Orúkọ ilé wa ni kí ẹ kọ, èyí tó wà lára ìwé Bọ́lá fúnra rẹ̀. Kí ẹni tó bá kà á rí i pé ọ̀kan náà ni, kí ó béèrè, kí wọ́n sì sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ni.”

Orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyẹn, ọmọ mi. Bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bí lẹ́tà yìí bá ti dé, má dúró dè mí. Mo lè fi fóònù ránṣẹ́, ṣùgbọ́n fóònù tó máa ń gé ọ̀rọ̀ láàárín, ṣé òun ni kí n fi orúkọ ìyá rẹ lé lọ́wọ́? Jẹun kí o tó jókòó ti ìwé. Pa gáàsì kí o tó sùn. Bí ọ̀gá rẹ bá tún fi bírò kan nǹkan, sọ pé “ẹ ṣé, mà,” kí o tó ṣàlàyé. Sì bèèrè kọ́kọ́rọ́ kejì lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù.

Èmi fúnra mi ń bọ̀. Ìyá Ráṣídì ní kí n fi ojú ara mi rí orúkọ òun nínú ìwé kí ìwé náà tó wọlé, mo sì gbà, nítorí mi ò lè gba ata lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ bí mi ò bá rí i. Àpò rodo tí ó fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ó ní ọjọ́ mẹ́rin ni ó lè fi dúró, ó sì ní ìwọ lo máa sọ fún òun bóyá òótọ́ ni, nítorí ìwọ lo kọ ìwé nípa rẹ̀. Mo ti sọ fún ìyá rẹ pé kí ó dúró nílé, pé ọ̀nà jìn, pé a ò mọ bí ọkọ̀ ṣe máa rí. Ó ní òun kò tíì rí ibi tí wọ́n ti kọ orúkọ òun sínú ìwé rí, àyàfi ìwé ìgbéyàwó, èmi ni mo sì gbé ìyẹn pamọ́ tí mi ò rántí ibi tí mo fi sí.

Nítorí náà, tọ́jú ilé, kí o sì se ọbẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́rú tó ń bọ̀ yìí, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, èmi àti Adébímpé máa gbéra.

Bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.